Ẹgbẹ́ Àwọn Oníṣẹ́ Kọ̀ǹpútà: Ṣé Onígbàgbọ́ Lè Wọ̀ Ọ́?

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ tọ̀ mí wá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni síso kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ ara wọn ní ọ́fíìsì àti ilé ìwé. Ó ní, “Pásítọ̀, wọ́n ní kí n wọ ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ wa. Kí ni ẹ rí sí i?”

Bí mo ti gbọ́ “ẹgbẹ́,” ẹ̀rù bà mí. Mo ní kí ó jìnnà sí i. Nígbà tí ó yá, iṣẹ́ ńlá kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí wọ́n béèrè ìwé ìforúkọsílẹ̀, kò sì ní. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó dárí jì mí, mo sì lọ wádìí.

Kì í ṣe gbogbo ẹgbẹ́ ni ẹgbẹ́ òkùnkùn. Ọdún 1978 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ tí à ń pè ní Nigeria Computer Society lónìí sílẹ̀. Òfin ìjọba ọdún 1993 sì gbé ìgbìmọ̀ CPN kalẹ̀, láti máa forúkọ àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀ àti láti máa tọ́jú ìwà wọn lẹ́nu iṣẹ́. IEEE wà fún gbogbo ayé. Ìlànà tí wọ́n jókòó fẹnu kò sí ni Wi-Fi ilé wa ń tẹ̀ lé. Internet Society, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1992, kì í gba owó kí ènìyàn tó wọlé.

Nígbà tí Pọ́ọ̀lù dé Kọ́ríńtì, ọ̀dọ̀ Àkúílà àti Pìrìsílà ni ó dé sí, nítorí iṣẹ́ àgọ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe (Ìṣe 18:1-3). Bí àpọ́sítélì bá nílò alábàáṣiṣẹ́, ta ni yóò dá ṣe é?

Ṣùgbọ́n ẹ wádìí kí ẹ tó wọlé. Ṣé ìjọba mọ̀ wọ́n? Ṣé wọ́n ń búra ní ìkọ̀kọ̀? Ṣé wọ́n ń fún ènìyàn ní rìsíìtì owó tí ó san? Bí ìdáhùn bá mọ́, ẹ wọlé, kí ẹ sì jẹ́ ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ ti ń rán aṣọ ọdún fún ọmọ, ẹ ràn án lọ́wọ́ láti san owó ẹgbẹ́ pẹ̀lú.

Ọmọ wa yẹn ti forúkọ sílẹ̀. Kí Olúwa má ṣe jẹ́ kí àìmọ̀ àwa àgbà dí ọ̀nà àwọn ọmọ wa. Àmín.