Oúnjẹ Ọdún Tí Kò Mọ Ààlà Ẹ̀sìn

Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl. Àwọn Kristẹni kò pọ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀, bí ààwẹ̀ Lẹ́ńtì bá ń parí lọ, ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ Rere, àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì a máa po jéró mọ́ ẹ̀pà lílọ̀, èso igi oṣè àti ṣúgà. Ngalax ni wọ́n ń pè é. Wọn kì í dá a jẹ: wọn a bù ú sínú àwo, wọn a gbé e lọ fún àwọn Mùsùlùmí àdúgbò. Bí Iléyá bá sì dé, ẹran àgbò a wọ ilé Kristẹni. Olúkúlùkù dúró ti ẹ̀sìn tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó ti gba oúnjẹ lọ́wọ́ aládùúgbò kì í yá láti gbé kùmọ̀ sí i. Orílẹ̀-èdè ẹlẹ́sìn púpọ̀ bíi Nàìjíríà lè fi èyí kọ́gbọ́n.