Bátìrì Ọkọ̀ Kú Láàárọ̀ Ọjọ́ Ọjà: Ta Ló Jẹ̀bi?

 

Ọ̀rọ̀ mọ́tò la fẹ́ sọ lónìí. Ẹ má sọ pé, "Èmi ò ní mọ́tò, kí ló kàn mí?" Ọkọ̀ tó ń kó tòmátì yín lọ sí Àjàṣẹ́, òun náà ló ń gbé aboyún lóru. Tí bátìrì rẹ̀ bá kú, tòmátì á rà, aboyún á sì máa rọbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tí kò dáhùn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe ni pé tí ọkọ̀ ò bá ti jí, wọ́n á sáré ra bátìrì tuntun. Kò pẹ́ kò jìnnà, tuntun náà a kú. Owó ti lọ, àìsàn ṣì wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tó jẹ̀bi.

Bátìrì dà bí ìkòkò omi: ó ń tọ́jú iná pamọ́ ni, kì í dá a ṣe. Alternateur ló ń ṣe iná nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Òun ni apọnmi. Iná iwájú, rédíò àti ohun tí a fi ń ṣájì fóònù ni àwọn tó ń mu omi. Tí ìkòkò bá gbẹ, bóyá ìkòkò ti sán, bóyá apọnmi ò ṣiṣẹ́, bóyá ẹnì kan ń yọ́ omi mu lóru.

Tí ọkọ̀ bá ń kú mọ́jú, ẹ ṣe báyìí. Ẹ ṣájì bátìrì náà kó kún. Lálẹ́, ẹ tú okùn tó wà lórí àmì − kúrò. Láàárọ̀, ẹ dá a padà, kẹ́ ẹ ṣíná. Tó bá jí wàrà, bátìrì ò jẹ̀bi. Nǹkan kan ló ń fa iná lóru. Ẹ yẹ iná inú ọkọ̀ wò, ẹ yẹ iná búùtù, rédíò àti áláàmù tí wọ́n so mọ́ ọn lẹ́yìn. Ẹ má gbàgbé alternateur náà o. Ohun kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ diode, iṣẹ́ tí Àkábà Ìdẹ̀nà ṣe fún Kétu láyé àtijọ́ ló ń ṣe: ó ń jẹ́ kí iná wọlé sínú bátìrì, kì í jẹ́ kó padà. Tó bá bàjẹ́, iná á máa jò lóru. Ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ ò bá jí pẹ̀lú okùn tẹ́ ẹ ti tú, bátìrì fúnra rẹ̀ ló ti gbó.

Tó bá jẹ́ pé lójú ọ̀nà ni iná pupa tó ní àwòrán bátìrì ń tàn níwájú awakọ̀, ẹ wo bẹ́líìtì, bóyá ó ti dẹ̀ tàbí ó ti já. Tí bẹ́líìtì bá dáa, ẹ ní kí mẹ́káníìkì fi ẹ̀rọ tó ń wọn iná wò ó. Bátìrì tó kún, tí ọkọ̀ ti sinmi mọ́jú, á fi nǹkan bíi fóòtì 12.6 hàn. Tó bá jẹ́ 12 péré, ebi ń pa á. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó wà láàárín 13.8 sí 14.5. Tí kò bá tó 13, apọnmi ò pọnmi. Tó bá kọjá 15, ó ń pọn ún ní àpọ̀jù, omi bátìrì á máa hó.

Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni tú okùn bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, pé òun fẹ́ dán an wò. Ó lè ba alternateur tó dáa jẹ́.

Ẹ wo orí bátìrì náà. Ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ ewé tó bá bò ó kì í jẹ́ kí iná kọjá. Ẹ tú okùn − kúrò ṣáájú, ẹ fi omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ẹ gbẹ ẹ́, ẹ dè é le. Ooru ilẹ̀ wa ló ń gbẹ omi inú bátìrì. Tí òtútù ọyẹ́ bá dé, àṣírí á tú. Bátìrì tó bá ní ìdérí, omi bátìrì tí wọ́n ń tà nìkan ni kẹ́ ẹ bù sí i, kì í ṣe omi kànga.

Ó wá ku ti ìlera. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára bátìrì lè gbiná, nítorí náà ẹ má ṣáná sísì, ẹ má mu sìgá nítòsí rẹ̀. Tí omi rẹ̀ bá ta sójú, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án fún ogún ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ máa lọ sílé ìwòsàn.

Ẹ má sì fọ́ ògbólógbòó bátìrì nínú agbo ilé láti yọ òjé. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà, láàárín òpin ọdún 2007 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2008, ọmọdé 18 kú níbi tí wọ́n ti ń yọ òjé bátìrì. Eruku òjé wà nínú yanrìn tí wọ́n ń ṣeré lé. Òjé kì í rùn, kì í ta. Ọpọlọ ọmọ ló ń bà jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ tà á lódidi, ẹ jẹ́ kó jìnnà sọ́mọdé.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ olùgbọ́, ẹ jíròrò èyí: ọkọ̀ wo ló ń gbé aláìsàn lóru lábúlé yín? Ta ló ń yẹ bátìrì rẹ̀ wò, ìgbà wo ló sì yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn?