Kọ̀ǹpútà Tó Ń Wọ́ Bí Ìgbín: Ẹ Yẹ̀ Ẹ́ Wò Kí Ẹ Tó Náwó

Ọ̀rọ̀ ọjà la mú wá lónìí. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ilé wa ló jẹ́ àlòkù. Tó bá yá, ẹ ó tẹ̀ ẹ́, ẹ ó dúró títí, kò ní dáhùn. Oníṣòwò á ní, "Ó ti kú, ẹ ra òmíràn." Ẹ má tíì tú àpò o.

Ẹ wo ìyá tó ń ta iṣu. Ó ní àká nílé, ó sì ní ẹní kékeré tó tẹ́ sọ́jà. Inú àká ni iṣu pọ̀ sí, àmọ́ orí ẹní ló ti ń tà. Bí ẹní bá kún, tí oníbàárà ń béèrè irú mìíràn, àfi kó gbé díẹ̀ padà sílé, kó lọ kó òmíràn wá. Ìrìn yẹn ló ń jẹ àkókò. Bẹ́ẹ̀ náà ni kọ̀ǹpútà: dísìkì ni àká, ìrántí, ìyẹn RAM, tí àwọn tó ń tà á ń pè ní barrette, òun ni ẹní.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ẹní ló kéré? Tó bá jẹ́ Windows, ẹ ṣí gbogbo ohun tí ẹ máa ń lò pọ̀, kẹ́ ẹ wá tẹ Ctrl, Maj àti Échap papọ̀. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Mémoire sí. Bó bá ti kọjá 80 nínú 100, ìrántí ló há. Àmọ́ bí ìrántí kò bá ju ìdajì lọ, tí Disque sì ń dúró sí 100, ẹ má ra ìrántí o. Ó jọ pé dísìkì ló ń falẹ̀, SSD ló sì máa ń wo irú rẹ̀ sàn.

Tó bá jẹ́ ìrántí ni, ohun mẹ́ta ni kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó lọ sọ́jà.

Èkíní, irú rẹ̀. DDR3 jáde ní 2007, DDR4 ní 2014. Ọ̀kan kò lè wọ ihò èkejì. Ti kọ̀ǹpútà àgbéká sì kúrú tó ìdajì ti orí tábìlì. Ẹ da ohun tó wà lára ti àtijọ́ kọ sínú ìwé, kẹ́ ẹ mú un dání.

Èkejì, ìwọ̀n tí ẹ̀rọ yín lè gbà. Windows ilé tó jẹ́ 32 bits kò lè lò ju 4 Go lọ. Ẹni tó bá ra 8 Go sí i, inú ìkòkò tó ti kún ló ń da omi sí.

Ẹ̀kẹta, ṣé ó ṣeé pààrọ̀? Wọ́n ti jó ti àwọn kan mọ́ inú ẹ̀rọ láti ilé iṣẹ́.

Ní ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi sí i, ẹ kọ́kọ́ da ìṣirò ẹgbẹ́ àti iṣẹ́ àwọn ọmọ sórí clé USB. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ wáyà, ẹ yọ bátìrì tó bá ṣeé yọ. Ẹ má ṣí àpótí tó ń gba iná wọlé rárá. Iná lè ṣì wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ yọ wáyà, ó sì lè pààyàn.

Lásìkò ọyẹ́, ṣé ẹ mọ bí aṣọ ṣe ń ta pàrà tí a bá ń bọ́ ọ lálẹ́? Iná kékeré yẹn lè ba ìrántí jẹ́. Ẹ fọwọ́ kan irin ara ẹ̀rọ ná, etí ìrántí ni kẹ́ ẹ sì dì mú. Ẹ tì í wọlé títí yóò fi dún "kà!" Bí ojú ẹ̀rọ kò bá tàn, ẹ má fòyà. Ẹ pa á, ẹ yọ ọ́, kẹ́ ẹ tún un tẹ̀ wọlé; ọ̀pọ̀ ìgbà, kò jókòó dáadáa ni.

Tó bá jẹ́ oníṣòwò ló fẹ́ fi sí i, kó tan ẹ̀rọ lójú yín kẹ́ ẹ tó sanwó tán. Iye Go tó bá fara hàn gbọ́dọ̀ bá ohun tó pè mu. Ẹ sì rántí pé Microsoft parí ìtìlẹ́yìn rẹ̀ fún Windows 10 ní 14 oṣù kẹwàá 2025. Ìrántí tuntun kò lè wo ìyẹn sàn.

Kẹ́ ẹ tó tú ká, ẹ jọ dáhùn: ta ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń falẹ̀ láàárín yín? Ẹ lọ wo Mémoire àti Disque lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ kọ iye méjèèjì sílẹ̀, ẹ sì jọ pinnu bóyá owó yẹ kó jáde.