Bídọ̀n kpayo àti iná ààrò

Lónìí, ọ̀rọ̀ ìlera àti ọ̀rọ̀ ọjà wọnú ara wọn, torí ohun tí à ń tà lẹ́bàá ọ̀nà lọ́sàn-án la tún ń gbé wọlé sùn lálẹ́: kpayo.

Ẹ rántí Sèmè-Kraké, lẹ́bàá ààlà Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ilé kan tí wọ́n ń kó ẹsáǹsì pamọ́ sí gbaná níbẹ̀. Àwọn tó kú lé ní 30, ọmọdé wà nínú wọn, àwọn mìíràn sì jóná gidi gan-an. Ohun tí àwọn aláṣẹ sọ nígbà náà ni pé ó jọ pé ibi tí wọ́n ti ń já àpò ẹsáǹsì sílẹ̀ ni iná ti ṣẹ́.

Ẹlòmíràn á ní, "Tàwọn ará Sèmè pọ̀ jù ni. Èmi, bídọ̀n kan ṣoṣo ni mo ní nílé." Bídọ̀n kan yẹn gan-an ni mo ń bá wí.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe ẹsáǹsì tí ẹ fojú rí nínú bídọ̀n ló ń kọ́kọ́ gbaná, oru rẹ̀ ni. Ẹ ò lè rí oru yẹn, òórùn rẹ̀ nìkan lẹ máa gbọ́. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po 3 sí 4, nítorí náà kì í gòkè bí èéfín. Ilẹ̀ ló ń wọ́ lé bí ejò, á gba abẹ́ ilẹ̀kùn kọjá, á sì máa lọ títí á fi kan iná. Ààrò wa ńkọ́? Ṣebí ilẹ̀ náà ló wà! Tí oru bá ti dé ibẹ̀, iná á tọ ọ̀nà kan náà padà sídìí bídọ̀n. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi ń sọ pé, "Ọ̀nà rẹ̀ jìn síná, mi ò mọ bó ṣe gbaná." Ìdérí tí kò dé dáadáa ti tó.

Ọ̀rọ̀ àtùpà tún wà níbẹ̀. Epo àtùpà ní láti gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 38, bí ara ọmọ tí ibà mú, kí oru rẹ̀ tó lè gbaná. Ẹsáǹsì ò dúró de ooru kankan. Kódà nínú òtútù tó ń sọ omi di yìnyín, oru rẹ̀ ń gbaná. Tí ẹ bá wá bu epo àtùpà sínú bídọ̀n tí ẹsáǹsì ṣẹ́kù sí, àtùpà lè bú mọ́ ẹni tó ń tàn án lójú. Ẹ ya bídọ̀n méjèèjì sọ́tọ̀, kí ẹ so aṣọ pupa mọ́ ti ẹsáǹsì, kí ọmọ tí ò mọ̀wé náà lè mọ̀ ọ́n.

Mi ò ní sọ fún ìyá tó ń ta kpayo pé kó lọ jókòó sílé. Ìjọba ti kà á léèwọ̀, gbogbo wa la mọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ iye tí owó ilé ẹ̀kọ́ ń jẹ́. Látìgbà tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù karùn-ún 2023 tí kpayo sì wọ́n, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí tòun sùn síta, torí olè. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wá ahéré kékeré tó ní àgádágodo, tó jìnnà sí ààrò àti sí yàrá, kí afẹ́fẹ́ máa gba inú rẹ̀ kọjá. Kí alákàrà àti oníkpayo má sì jókòó ti ara wọn mọ́. Oníbàárà kan náà ni wọ́n ní lóòótọ́, àwọn oní-zémidjan, àmọ́ wọ́n lè rìn wá bá wọn.

Alákàrà náà, ẹ fetí sílẹ̀. Bí epo inú agbada bá gbaná, ẹ má bu omi lé e! Omi wúwo ju epo lọ: á rì sísàlẹ̀, epo gbígbóná á sọ ọ́ di oru lójú ẹsẹ̀, oru yẹn á sì fẹ̀ tó ìlọ́po 1,700. Á ta epo tó ń jó sára yín, á ta á dé koríko òrùlé. Ẹ má gbé agbada náà sáré síta pẹ̀lú. Ẹ fi ìdérí bò ó, kí ẹ fa igi iná kúrò lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ má sì ṣí i títí á fi tutù.

Ẹni tí aṣọ gbaná lára rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sáré, kó dùbúlẹ̀ kó máa yí gbiri. Lẹ́yìn náà, ẹ da omi tútù tó mọ́ sójú ibi tó jó fún 20 ìṣẹ́jú. Ó máa ń gùn lójú ẹni tó ń da á, ẹ má dúró. Ẹ tètè bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ àti òrùka kó tó wú. Epo pupa, ẹyin, iyọ̀, ọṣẹ ìfọyín, kò sí ìkankan tó yẹ kó kan ojú egbò náà. Aṣọ tó bá lẹ̀ mọ́ ara, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, kí ẹ gbọ̀nà ilé ìwòsàn. Tó bá jẹ́ ọmọdé, tàbí tó jẹ́ ojú tàbí ọwọ́ ló jó, ẹ má sọ pé ó di òwúrọ̀.

Nọ́ńbà àwọn panápaná ni 118. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri ilé ìdáná.