Nígbà Tí Ẹnu Páìpù Èéfín Alùpùpù Kò Bá Ara Mu

Púpọ̀ nínú wa ni a ó rán lọ sí ilé-ìwé abúlé tí mọ́tò kì í dé lójoojúmọ́, alùpùpù ni yóò sì jẹ́ ẹsẹ̀ wa níbẹ̀. Bí sàlẹ́ńsà rẹ̀ bá dípẹtà tí ó sì já, a lè dé ọjà kí a má rí irú rẹ̀ gan-an rà. Ẹni tí ń ta ohun èlò alùpùpù yóò gbé òmíràn lé wa lọ́wọ́, yóò sì búra pé ó bá a mu. Nígbà tí a bá délé, a ó rí i pé ẹnu rẹ̀ gbòòrò ju ọ̀pá tí ó ti inú ẹ̀rọ jáde wá lọ, tàbí pé ihò ìdè rẹ̀ kò kọjú sí ihò ara alùpùpù. Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tí a lè ṣe sí i, àti ibi tí ó yẹ kí a ti dá ọwọ́ dúró.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí páìpù yìí ń ṣe. Èéfín gbígbóná kì í ṣàn láti inú ẹ̀rọ bí omi odò. Ó ń tú jáde ní ìgbà dé ìgbà ni. Bí ìtújáde kan bá ti kọjá, a máa fa ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ tẹ̀lé e. Nítorí náà, bí àlàfo bá wà lẹ́bàá ẹ̀rọ, kì í ṣe pé èéfín ń jò jáde nìkan, afẹ́fẹ́ òde pẹ̀lú ń wọlé. Bí awakọ̀ bá sì dín epo kù lójijì, epo tí kò jó tán yóò pàdé afẹ́fẹ́ yìí nínú páìpù, yóò sì máa bú bí ìbọn. Ariwo náà kọ́ ni ó burú jù. Gáàsì kan wà nínú èéfín yìí tí a ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń gba ipò afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀ títí ènìyàn yóò fi kú. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tan alùpùpù sílẹ̀ nínú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ìbáà jò, ìbáà má jò.

Ìwọ̀n ni ó yẹ kí ó ṣáájú ayùn. Bí a kò bá ní irin ìwọ̀n tí àwọn mẹkáníìkì ń lò, òwú ìránṣọ àti rúlà ọmọ ilé-ìwé tó. Kí a fi òwú yí ọ̀pá tí ó ti inú ẹ̀rọ wá ká lẹ́ẹ̀kan, kí a tẹ́ ẹ sórí rúlà, kí a sì fi 22/7 pín iye tí a bá rí. Ká ní òwú náà jẹ́ mìlímítà 100 àti ààbọ̀. Ìbú ọ̀pá náà láti etí kan dé èkejì yóò jẹ́ nǹkan bí 32. Fún ẹnu sàlẹ́ńsà, kí a ká ìwé líle bọ inú rẹ̀, kí a jẹ́ kí ó tú títí yóò fi lẹ̀ mọ́ ara ẹnu náà, kí a sì sàmì sí ibi tí etí ìwé ti gun ara wọn. Bí èyí bá jẹ́ 110, ìbú inú rẹ̀ jẹ́ 35. Àlàfo wa jẹ́ 3.

Níhìn-ín ni àwọn tí ó mọ ayùn lò ju ìṣirò lọ ti máa ń ṣìnà. Wọn a wá irin tí ó nípọn tó mìlímítà 3, kò sì ní wọlé. Àlàfo náà pín sí ọ̀tún àti òsì ọ̀pá. Ìdajì rẹ̀, èyíinì ni 1 àti ààbọ̀, ni irin ìdí náà yóò nípọn tó. Gígùn rẹ̀ ńkọ́? Kì í ṣe àyíká ọ̀pá, kì í sì í ṣe àyíká ẹnu sàlẹ́ńsà, bí kò ṣe ti agbedeméjì wọn: 33 àti ààbọ̀ lọ́nà 22/7, tí í ṣe nǹkan bí 105. Kí a gé e ní 104, kí etí rẹ̀ méjèèjì má baà gun ara wọn. Ibi tí irin bá ti di ìlọ́po méjì, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò jò. Bí a bá fún mi ní kíláàsì karùn-ún, alùpùpù ni n ó fi kọ́ wọn ní òbìrìkìtì.

Irin tí ó dára jù fún iṣẹ́ yìí ni èyí tí a gé lára ọ̀pá sàlẹ́ńsà àtijọ́, tí a fi ayùn là ní òòró, tí a sì gé ní gígùn bíi sẹ̀ǹtímítà 4. Agolo wàrà lè ṣe é pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a ó fi yí i ká bí ìgbà méje. Agolo ọtí ẹlẹ́rìndòdò ti aluminium kò yẹ lẹ́bàá ẹ̀rọ, nítorí ó ń yọ́ ní ìwọ̀n 660 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ ni èéfín ẹnu ẹ̀rọ lè gbóná ju 600 lọ. Páànù ìbolé ni kí a ṣọ́ra fún jù lọ. Zinc ni a fi bò ó; bí ajórin bá fi iná jó o mọ́ páìpù, èéfín zinc náà yóò fún un ní ibà pẹ̀lú òtútù. Ẹni tí ó bá sì fi rọ́bà inú táyà dì í, òórùn ni yóò kìlọ̀ fún un kí ó tó jáde ní àdúgbò.

Ní ibi tí ọ̀pá ti kan orí ẹ̀rọ, òrùka kékeré kan wà tí a ń pè ní gásíkẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá sọnù, a lè fi wáyà bàbà tí ó nípọn ṣe irú rẹ̀. Kí a kọ́kọ́ fi í sínú iná títí yóò fi pọ́n, kí a sì tì í bọ omi. Irin líle tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí yóò le sí i, ṣùgbọ́n bàbà yóò rọ̀, yóò sì fẹ̀ dáradára nígbà tí a bá ń dè é. Kí òrùka náà má ṣe yọ sínú ihò, kí ó má baà dínà èéfín.

Ní títo wọn, ọ̀pá ti ẹ̀rọ ni yóò wọ inú ti sàlẹ́ńsà, gẹ́gẹ́ bí páànù òkè ti ń gun ti ìsàlẹ̀ kí òjò má baà wọlé. Kí a fi ayùn la ẹnu sàlẹ́ńsà sí ọ̀nà mẹ́rin, kí ìlà náà má ṣe ju sẹ̀ǹtímítà 2 àti ààbọ̀ lọ. Bí ó bá gùn ju irin ìdí lọ, níbẹ̀ ni yóò ti jò. Kí a lu ihò kékeré sí òpin ìlà kọ̀ọ̀kan kí ó má baà ya síwájú sí i, kí a sì fi kílíìpù irin fún un pa. Bí ihò ìdè ẹ̀yìn kò bá kọjú síra, kí a má ṣe fi agbára fa sàlẹ́ńsà wá. Gbígbọ̀n ẹ̀rọ yóò ya ọ̀pá náà lọ́rùn. Irin pẹlẹbẹ oníhò méjì ni kí a fi so wọ́n pọ̀. Kí a kọ́kọ́ fi gbogbo nọ́ọ̀tù sí i láìfún wọn. Lẹ́yìn náà kí a fún méjì ti orí ẹ̀rọ, díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún, kí ó tó kan kílíìpù. Ìdè ẹ̀yìn ni yóò kẹ́yìn. Kí a rí i pẹ̀lú pé páìpù kò súnmọ́ rọ́bà epo, àti pé kò yọ síta sí ibi tí ojúgun ẹni tí a gbé sẹ́yìn yóò wà.

Bí ihò méjì ti orí ẹ̀rọ kò bá bá ara mu, kí a dá ọjà padà fún ẹni tí ó tà á. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni alùpùpù tí ń jó òróró pọ̀ mọ́ epo, bíi Suzuki AX100. Gígùn àti ìrísí inú sàlẹ́ńsà rẹ̀ wà lára ohun tí ó ń fún un ní agbára. Bí a bá fi ti Bajaj Boxer sí i, bí ó tilẹ̀ wọlé, kò ní lè gun òkè mọ́.

Kí a fi omi ọṣẹ pa ojú ìsopọ̀ kí ẹ̀rọ tó gbóná, kí a tan án, kí a sì wo ibi tí yóò ti hó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí a tún kílíìpù náà fún nígbà tí ó bá tutù, kí a sì wò ó bóyá èédú dúdú ti hàn níbì kan.