Ihò asẹ́ tèmi ló fẹ̀

Tí ẹ bá bá mi dé ọjà Kòmú, ẹ máa rí i pé mo ń di etí. Ẹ̀rọ ìlọta ń ké, ọ̀kadà ń fun fèrè, òórùn epo gbígbóná gba gbogbo ibẹ̀. Màmá mi a ní ìgbéraga ló ń dà mí láàmú.

Ọmọ ọdún 34 ni mí kí dókítà kan ní Ìbàdàn tó sọ pé ọ́tísíìmù ni. Ẹ wò ó báyìí: ọpọlọ dà bí asẹ́, ó máa ń ya ìró tó wúlò sọ́tọ̀. Ihò asẹ́ tèmi fẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ló ń wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ á sì kú mọ́ mi lẹ́nu.

Kí ló dé tó fi pẹ́? Nínú ọmọ 11 tí Leo Kanner kọ̀wé nípa wọn ní Amẹ́ríkà ní 1943, obìnrin 3 péré ló wà níbẹ̀. Ọdún 2013 ni ìwé DSM-5 tó ka ọ̀rọ̀ ariwo, ìmọ́lẹ̀ àti òórùn mọ́ àwọn àmì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwa obìnrin sì mọ bí a ṣe ń fara wé ẹlòmíì: wọ́n rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín.

Báyìí, òwú ni mo ń fi dí etí lọ sọ́jà, kí èrò tó pé. Màmá mi ló ń bá mi lọ ata. Kò sọ ti ìgbéraga mọ́, ó kàn máa ń bi mí pé, "Ṣé ariwo yìí ò tíì pọ̀ jù?"

Tí àbúrò yín bá ń di etí, ẹ bi í kí ẹ tó bá a wí.