Yẹtí Ìlẹ̀kẹ̀ Tí A Fi Ọwọ́ Ara Wa Ṣe

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń béèrè ibi tí a ti ra yẹtí tí a lò lọ́jọ́ àṣà ẹgbẹ́ wa. A kò rà á, ọwọ́ ara wa la fi ṣe é.

Ìlẹ̀kẹ̀ Bídà ni, èyí tí àwọn ará Masaga ń fi àwókù ìgò ṣe. Orí ọ̀pá irin ni wọ́n ti ń yí i, nítorí náà ihò rẹ̀ fẹ̀. Ẹ ká ìdí wáyà róbótó, ẹ ki ìlẹ̀kẹ̀ kékeré kan bọ̀ ọ́ kó lè dí ihò náà, kí ti Bídà tó tẹ̀ lé e. Ẹ wá fi ẹmú ká òkè wáyà, kí ẹ sì fi kọ́ ìkọ́.

Ìkọ́ yìí gan-an niṣẹ́ wà. Ẹ gé wáyà ínǹṣì 2, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara báírò kí méjèèjì lè dọ́gba. Ẹ fi fáìlì èékánná ha ẹnu rẹ̀ títí yóò fi jọ̀lọ̀. A fojú fo èyí nígbà àkọ́kọ́, etí ọ̀rẹ́ wa kan sì wú fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko! Wáyà bàbà inú okùn iná dára fún ara yẹtí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ṣe ìkọ́, òógùn yóò mú kí etí ní àwọ̀ ewé. Fàdákà ni kí ẹ lò. Ó wọ́n, òótọ́ ni, àmọ́ ínǹṣì 4 péré ni yẹtí méjì ń gbà.

Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀nà mìíràn lè ká wáyà bí òrùka ńlá, kó sín ìlẹ̀kẹ̀ yí i ká. Èyí wù wá jù, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ Bídà wúwo jù fún un. Ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ oníke ni kí ẹ fi ṣe é.